Ahọ́n Ni Onílé, Eyín Ni Àlejò

Ìyá mi, Àbẹ̀kẹ́, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nígbà tí eyín mi kan ń mì tí mo ń sunkún pé n kò fẹ́ kí ó yọ. Ó ní ahọ́n ni onílé nínú ẹnu. Láti inú ìyá ni ahọ́n ti bá ọmọ wá, kò sí ọjọ́ tí wọ́n wá a wálé tí wọn ò bá a. Ṣùgbọ́n àlejò ni eyín. Ìgbà tí ọmọ bá ti ń jókòó ni àlejò tó yọjú, ibà àti ẹkún ni ó sì máa ń kó bọ̀. Yóò to ara rẹ̀ yí onílé ká bí ọgbà, wọn a jọ máa jẹun. Bí ọwọ́ oúnjẹ bá yá, àlejò a gé onílé jẹ, onílé a dákẹ́.

Mo ní, "Kí ló dé tí ahọ́n fi ń dákẹ́?"

Ìyá mi ní, "Ó mọ̀ pé àlejò yóò lọ. Ìwọ náà jẹ́ kó máa lọ."

Ni mo bá jẹ́ kí ó fa eyín náà. N kò mọ̀ nígbà náà pé ìtàn ara mi ni mo gbọ́.

Mo ti pẹ́ ní ìlú yìí o. Abúlé oko kan lẹ́yìn Moniya, ní ẹ̀bá Ìbàdàn, ni mo ń gbé. Ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tí ìṣẹ́ bá lé kúrò nílé kì í wo ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo dé, torí mo rò pé ilé ni mò ń lọ. Mo sọ fún ara mi pé Yorùbá ń lọ sí àárín Yorùbá, kí ló tún kù?

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ra ẹ̀kọ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan kù. Mo kí ìyá ẹlẹ́kọ dáadáa, mo dọ̀bálẹ̀ pàápàá. Ó yíjú sí ẹni tí ó jókòó tì í, ó ní, "Ègùn ni bọ̀ọ̀dá yìí?"

Mo ní, "Rárá o, mà. Yorùbá ni mí. Ọmọ Kétu."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ tún gbọ́ bó ṣe ń fa ohùn! Bọ̀ọ̀dá, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ, nítorí mo rò pé kò gbọ́. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ni ó tó yé mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ́ gé ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń kọ ebè lẹ́sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà. Mo kígbe pé, "Ẹ gbé e lọ sí lópítáà!" Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wa, torí àwọn Faransé ni ó jọba lé wa lórí. Wọ́n gbé e lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gé gan-an ń rẹ́rìn-ín lórí ọ̀kadà. Láti ọjọ́ náà, Lópítáà ni orúkọ mi. Nígbà tí mo bímọ, mo di Bàbá Lópítáà.

Ẹni tí ó bá lọ sí ilẹ̀ tí kò gbọ́ èdè wọn, ó ní ibi tí ó lè fi ara pamọ́ sí. Bí wọ́n bá bú u, kò gbọ́. Èmi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ń múni tijú jù nínú kí á jẹ́ àjèjì láàárín ẹ̀yà ẹni nìyẹn: a gbọ́ ọ̀rọ̀, a gbọ́ ẹ̀rín, a sì tún gbọ́ ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ nítorí pé a wọlé.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ó gbà mí. Àwọn ará ibí, bí wọ́n bá wa iṣu tán, wọ́n lè kó o jọ sábẹ́ igi, kí wọ́n da koríko bò ó. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń so ó ni. A ó ri òpó mọ́lẹ̀, a ó fi okùn so iṣu mọ́ ọn ní ìpele ìpele, afẹ́fẹ́ yóò máa fẹ́ sí i, kò ní jẹrà bọ̀rọ̀. Ọwọ́ kan a gbá iṣu mú, ọwọ́ kejì a yí okùn, eyín ni a ó sì fi fa kókó rẹ̀ le. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí gbogbo ọkùnrin ilé wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tí kò bá lè fi eyín fa kókó, ọwọ́ mẹ́ta ni yóò lò, ta sì ni Ọlọ́run fún ní ọwọ́ mẹ́ta?

Àlàájì onílẹ̀ mi wá wo ọgbà iṣu àkọ́kọ́ tí mo so fún un. Ó rìn yí i ká, ó fi ọwọ́ tì í, kò mì. Ó ní, "Lópítáà, ìwọ mà mọ iṣẹ́ o!" Mo pe ìyá mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà, mo sọ fún un pé wọ́n ti ń pe orúkọ mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. N kò sọ irú orúkọ tí wọ́n ń pè.

Ẹnu ọ̀nà kan náà tí ìyìn bá wọlé ni ìtìjú bá wọlé. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí mo ti ń so iṣu, nígbà tí ewú ti ń yọ lórí mi, mo ń fa kókó kan le, mo gbọ́ "kà!" nínú orí mi. Eyín iwájú mi lókè ti kán ní ẹ̀gbẹ́. Délé ọmọ mi ni ó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan ní Moniya. Ìyá Délé ti kú nígbà náà, àwa méjèèjì ni a kù fún ara wa. Dókítà náà, obìnrin kan tí ó mọ ènìyàn án kí, fi nǹkan funfun kan mọ ibi tí ó kán náà, ó tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, ó sì le. Àfidí ni mo ń pè é. Nígbà tí ó fún mi ní dígí, mo wo ẹnu mi, mo rẹ́rìn-ín sí ara mi bí ọmọ tuntun.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má fi já nǹkan líle o."

Mo ní, "Rárá, mà. N kì í jẹ egungun." Òótọ́ ni mo sọ. N kì í jẹ egungun. Okùn kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn, torí n kì í jẹ okùn.

Ọjà Ṣáṣá ni ó ti kọ́kọ́ jábọ́. Mò ń bá Mọ̀lá, Hausa oníṣu kan, nájà, mo la ẹnu pé, "Iṣu gidi nìyí, ẹ wò ó," nǹkan kan fò jáde lẹ́nu mi bí ẹyọ ìrẹsì, ó bọ́ sáàárín òkìtì iṣu. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó ní, "Bàbá, sànnú o. Kí ló bọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wá a. Òun náà bẹ̀rẹ̀. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, ìyẹn pe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí n tó mọ̀, ìdajì ìsọ̀ náà ti ń gbé iṣu wò. Olúkúlùkù ń bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Kí là ń wá?" Èmi tí mo mọ̀ ọ́n kò lè sọ ọ́. A kò rí i. Mo fi iṣu mi sílẹ̀ fún Mọ̀lá ní iye tí ó bá wù ú, mo sá lọ.

Dókítà tún un ṣe, ó tún jábọ́. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jábọ́, àgbàdo sísun ni ó bá lọ lọ́tẹ̀ yìí, mo sì gbé e mì. Ojú wá ń tì mí láti padà lọ. Mo rò ó pé wọ́n á sọ pé, "Irú ẹnu wo rèé tí nǹkan kò lè gbé?" Mo wá ń fi ètè pàdé ètè sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀fẹ̀, imú ni mo fi ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo máa ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ abúlé ní ìrọ̀lẹ́, mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Ìyá mi ni n kò lè tàn. Ó pè láti Kétu, ó ní, "Rẹ́rìn-ín kí n gbọ́." Bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn, ó ní ẹ̀rín ni òun fi ń mọ̀ bí ara ọmọ òun bá le. Mo rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Afẹ́fẹ́ wo ló ń fẹ́ lẹ́nu ẹ?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Ìyá."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń súfèé?"

"Ti Nàìjíríà ń súfèé, Ìyá."

Ó ní, "Ó dáa. Kí ó má fẹ́ jù o."

Àsìkò yìí ni Délé wá bá mi. Iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe ìwádìí ohun ọ̀gbìn ni ó ń ṣe, aṣọ funfun ni ó ń wọ̀ síbi iṣẹ́. Moniya ni wọ́n bí i sí. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé Kétu wà láyé. Ó ní òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, Tóyìn, ọmọ àwọn Adéoyè ní Ìyànà Ọ̀fà. Bàbá Tóyìn ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, ìyá rẹ̀ jẹ́ tíṣà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n láti ìran baba wọn.

"Wọ́n fẹ́ mọ̀ yín, Bàbá. Sátidé tó ń bọ̀."

Inú mi dùn, àyà mi sì já. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. N kò ní ẹ̀gbọ́n níbí, n kò ní àbúrò, n kò ní mọ̀lẹ́bí kan tí yóò jókòó tì mí. Ẹnu mi yìí nìkan ni gbogbo ẹbí ọkọ. Bí àfidí bá jábọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì àwọn àna, kí ni wọ́n á rò pé ọmọ wọn ń wọ̀ lọ?

Ni mo bá ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo gbẹ́ ìkarahun àgbọn kékeré kan, mo fi òkúta lọ̀ ọ́ títí ó fi bá a mu, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó dúró. Mo dúró síwájú dígí, mo ń kọ́ ọ̀rọ̀ tí n ó sọ: "Ẹ̀yin àna wa, a rí òdòdó kan nínú ọgbà yín." Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, erìgì mi ti wú, ètè mi ti yọ síta bí ti ẹni tí oyin ta, ìkarahun náà sì ti bọ́ sórí ìrọ̀rí.

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó wo inú ẹnu mi, ó gbé orí sókè, ó tún wò ó.

"Bàbá, kí lẹ fi lẹ eyín yìí?"

Mo fi ọwọ́ bo ètè mi tó wú.

"Ẹnu yín ni o, Bàbá, kì í ṣe bàtà!" Ó ti gbóòórùn rẹ̀. "Tó bá jábọ́ báyìí, ẹ gbé èyí tó jábọ́ náà bọ̀ tí ẹ bá rí i, ẹ fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ yọ́ ẹnu, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ jẹun, kí ẹ sì wá kíá. Tó bá pẹ́, ìdọ̀tí á wọ abẹ́ rẹ̀, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ wá sọ òótọ́ fún mi: kí lẹ fi ń ṣe?"

"Mo ní n kì í jẹ egungun, mà."

"Mi ò bi yín nípa oúnjẹ. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Mo ní iṣu ni mo ń so. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń so iṣu? Aṣọ kan wà tí wọ́n so mọ́ mi láyà kí omi má ta sí mi, okùn wà lára rẹ̀. Mo mú okùn náà, mo yí i mọ́ ọwọ́ àga, mo tẹ orí sílẹ̀ láti fi eyín fà á. Dókítà ké, "Ẹ dúró!" Ó yọ okùn náà lẹ́nu mi. Ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú.

"Bàbá, kò jábọ́ rí. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fà á tu."

Ó ní kí á má tún dí i mọ́. Ó ní òun yóò fọ abẹ́ rẹ̀ mọ́, bí erìgì bá ti rọ̀, wọn yóò ṣe fìlà líle kan tí yóò bo gbogbo eyín náà, ṣùgbọ́n kí n ra ọ̀bẹ àti ẹ̀mú fún okùn.

Mo ní, "Ṣé fìlà náà á ti délẹ̀ ní Sátidé?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ ó fara dà á."

Ihò náà ni mo gbé lọ sí Ìyànà Ọ̀fà. Mo ti bẹ Àlàájì pé kí ó bá wa sọ̀rọ̀, ó sì gbà. Èmi, Àlàájì àti Délé dọ̀bálẹ̀, a jókòó. Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè àti ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú wa, ìyá Ọ̀gbẹ́ni náà tí ó ti darúgbó wà lórí àga rọ̀gbọ̀kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àlàájì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn bí oyin. Èmi fi aṣọ ìnujú bo ẹnu bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, n kò jẹ. Wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀, n kò rẹ́rìn-ín. Tóyìn kúnlẹ̀ kí mi, mo kàn mi orí.

Mo rí i tí ojú Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè ń yí padà.

Ó ní, "Àlàájì, ẹ ṣeun. Ẹ sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ṣùgbọ́n ilé yín kọ́ lọmọ mi ń wọ̀. Mo fẹ́ fi ọmọ fún ilé kan, mi ò tí ì gbọ́ ohùn ilé náà. Ṣé bàbá ọkọ ò fẹ́ wa ni?"

Délé ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Etí rẹ̀ ti pọ́n.

Mo mú aṣọ ìnujú kúrò.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe ìgbéraga. Eyín ni. Ó ń jábọ́, ojú sì ń tì mí." Afẹ́fẹ́ ń súfèé nínú gbogbo ọ̀rọ̀. "Mo fẹ́ yín. Bí mo bá ní ẹnu mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ni n bá fi fẹ́ yín."

Ìyá àgbà ní, "Ẹ ya ẹnu kí n rí i."

"Màámi!" Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè ní.

"Dákẹ́, ìwọ. Ẹ yà á."

Mo yà á, èmi àgbàlagbà, láàárín àna. Ó na ọrùn, ó wò ó dáadáa. Òun náà wá ya ẹnu tirẹ̀. Kò sí eyín kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ṣì ní èyí tó lè jábọ́, ẹ wá ń bo ẹnu!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi eyín rẹ́rìn-ín, mo fi ihò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè nu ojú, ó ní, "Ó dára, Bàbá, a ti gbọ́ ohùn yín. Níbo lẹ ti wá gan-an? Ohùn yín jọ ti…"

"Kétu, sà."

"Áà," ni ó wí. Ó ní, "Áà," ó sì ní kí wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá.

Wọ́n fún wa ní ọmọ. Èmi ni mo kọrin dé Moniya.

Fìlà eyín náà dé. Ó bá mi mu, kò mì, kò súfèé. Mo ti ra ẹ̀mú fún okùn, mo sì ń so iṣu bí ẹni tí ó ní ọwọ́ mẹ́ta. Mo pe Délé kí ó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní ó dára, ó ní ó dára púpọ̀.

Mo ní, "Ọjọ́ ìgbéyàwó, èmi ni n ó sọ̀rọ̀. Mo ti ní ìtàn tí n ó pa."

Ó jókòó. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Àlàájì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Kí ló dé? Kò ní jábọ́ mọ́."

"Kì í ṣe eyín, Bàbá."

Mo dúró kí ó sọ ọ́. Ọmọ dáadáa ni Délé, ó ṣòro fún un.

"Ohùn yín ni. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀. Mi ò sọ fún wọn rí pé… Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀rọ̀, wọ́n á máa bi mí níbi tá a ti wá. Ẹ kàn dìde, Bàbá. Tí wọ́n bá pe bàbá ọkọ, ẹ dìde, ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn, ẹ jókòó. Eyín yín ti dára báyìí."

N kò bá a jà. Kí ni n ó bá a jà sí? Èmi ni mo bí i síbí kí wọ́n má baà pè é ní Ègùn. Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà.

Mo pe ìyá mi. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ti dá. Ọlọ́run ṣeun." Mo ń sọ fún un nípa ìgbéyàwó, ó kàn ń sọ pé "hẹ̀n, hẹ̀n," títí ó fi dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ó ní, "Ohùn rẹ mà ti yí padà o. O ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ará Ìbàdàn. Bí kì í bá ṣe ẹ̀rín rẹ, n kì bá tí mọ̀ pé ìwọ ni."

Mo dì í mú létí, fóònù náà, fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ìyá mi ti pa tirẹ̀. Àlejò inú ẹnu mi ti dé fìlà, ó ti jókòó gẹ̀lẹ̀tẹ̀. Onílé ni kò mọ ibi tí yóò wọ̀ mọ́.

Ìgbéyàwó náà ku díẹ̀. Wọ́n ti rán aṣọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, bí wọ́n bá ní kí bàbá ọkọ dìde, bí ọmọ yín bá ń wò yín láti orí àga ọkọ ìyàwó lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ó rẹ́rìn-ín kí ẹ sì jókòó?